Obìnrin Tó Ń Ya Àwòrán Àyà ní Kàdúná

Ọ̀rọ̀ Haúsá tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni "ja numfashi", ìyẹn ni pé kí ènìyàn fa èémí sínú. Èkejì ni "riƙe", pé kí ó dì í mú. Ẹ̀kẹta ni "saki", pé kí ó tú u sílẹ̀. Mo ti ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn ará Kàdúná kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ná tòmátì lọ́jà wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Ìtòsí Kábbà ni wọ́n ti bí mi, níbi tí a ti máa ń kí ara wa ní "òkun" láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́síréè, iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara. Àsìkò tí owó epo ń wọlé ni, ìjọba sì ń ra ẹ̀rọ fún àwọn ilé ìwòsàn bí ẹni ń ra ìṣáná. Ẹ̀rọ pọ̀, ẹni tí yóò lò ó ni kò pọ̀. Wọ́n kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ wa pé Kàdúná ń wá òṣìṣẹ́, pàápàá jù lọ obìnrin. Àwa obìnrin mẹ́ta la jọ jáde lọ́dún náà, èmi nìkan ni mo gbà láti lọ.

Bàbá mi ní ṣebí Nàìjíríà kan náà ni, Kàdúná kì í ṣe òkè òkun. Ìyá mi ní ó burú ju òkè òkun lọ. Ó ní ẹni tó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kan, àmọ́ ẹni tó bá lọ sí Òkè Ọya, ibẹ̀ ló máa ń kọ́lé sí.

Ọyẹ́ ni mo bá lóde. Nílé wa, ọyẹ́ a máa wá bí àlejò, a ṣe ọjọ́ díẹ̀, a sì lọ. Ní Kàdúná, onílé ni. Ètè mi là, imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, bí mo bá sá aṣọ funfun tí mo fi ń ṣiṣẹ́, pípọ́n ni mo máa ká a wọlé. Mo gba yàrá kan ní Tudun Wada, nínú agboolé tí mo jẹ́ Yorùbá kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kò ṣe mí níbi. Wọ́n á gbé kunu, ohun mímu wọn, fún mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, yóò sì tán síbẹ̀.

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ tí mo ń gbọ́ lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó àfi ìgbà tí n kò gbọ́ ọ mọ́. Nílé, tí ènìyàn bá ń rìn lọ lọ́nà, á gbọ́ ìjà tọkọtaya kan, á gbọ́ oyè tí wọ́n ń du, á gbọ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n ń pè pé kó wá jẹun. Èèyàn kì í fiyè sí i, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ fún un pé ó wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní Tudun Wada, ariwo wà ní gbogbo ọjọ́, kò sì sí èyí tó kàn mí nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará wa ń lọ. Tíṣà pọ̀ nínú wọn, akọ̀wé ìjọba náà pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá kan kí mi ní "òkun o" lẹ́nu ọ̀nà, ńṣe ni mo dúró tí n kò lè dáhùn. Ó rò pé n kò gbọ́, ó tún kí mi. Àmọ́ nígbà tí mo bá ọmọ bàbá náà sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin tó tó bíi ọdún mẹ́wàá, Haúsá ló fi dá mi lóhùn. Bàbá náà ní, "Ó gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. Ẹnu rẹ̀ ni kò bá etí rẹ̀ rìn." Ó sọ ọ́ láìsí ìbànújẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Ẹ́síréè kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ ní. Ó ti gbó débi pé okùn ni wọ́n fi so orí rẹ̀ kó má baà já lu ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó ni Málàm Garba. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀ bí kò bá ní ohun tó ń fi í ṣe. Agbálẹ̀ ni wọ́n gbà á sí níbẹ̀. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ náà nígbà náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn, lẹ́yìn náà ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán. Nígbà tí òyìnbó náà lọ, Málàm Garba ló ṣẹ́ kù. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán mọ́rán lẹ́nu àwa méjèèjì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó wo ìwé tí mo mú wá, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Malama, ṣé ìwọ ni wọ́n rán pé kó wá gba iṣẹ́ mi?"

Mo ní, "Rárá o, Baba. Wọ́n ní kí n wá bá yín ṣe é ni."

Ó ní, "Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà sọ ohun kan náà nìyẹn." Lẹ́yìn náà ó fi ibi tí mo lè gbé báàgì mi sí hàn mí.

N kò rí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bí i tirẹ̀ rí. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a máa ń fi tépù wọn bí àyà ènìyàn ṣe nípọn tó kí a tó mọ bí iná tí a máa tàn yóò ti lágbára tó. Málàm Garba á kàn wo ẹni náà bó ṣe ń wọlé bọ̀, á yí bọ́tìnì, fíìmù náà á sì mọ́ bí omi àmù. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ láti Kakuri máa ń wá, àwọn tí òwú ti dí láyà. Àwọn tí mọ́tò gbá ní ọ̀nà Zaria náà ń wá. Tí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré tí kò lè dúró jẹ́ẹ́, Málàm Garba ló máa ń di ọmọ náà mú lórí tábìlì, tí èmi á tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ lásán ló fi ń dì wọ́n mú. Ìbọ̀wọ́ olójé kan wà tẹ́lẹ̀, tí í dènà ìtànṣán ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó ti fà ya kí n tó dé, wọn kò sì ra òmíràn.

Oṣù àkọ́kọ́ ni mo rí ọwọ́ náà dáadáa. Awọ rẹ̀ ti dúdú, ó ti gbẹ, èékánná ìka méjì ti sán, egbò kékeré kan sì wà lára ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ tí kì í jiná. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní omi tí a fi ń fọ fíìmù ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe omi. Àwòrán irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé tí a kà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí, ọmọdé ni mí, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí mo dé. Mo ní, "Ẹ máa fi vaseline pa á, Baba." Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ìpàdé èmi àti ìyá mi ni Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lórí fóònù. Òun á lọ sí pósítọ́fíìsì ní Kábbà, èmi á lọ sí ti Kàdúná, a ó sì máa dúró de àwọn tó ń so wáyà pọ̀ láàárín wa. Nígbà mìíràn, èmi á ti dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n á wá ní ọ̀nà ti bàjẹ́. Bí ó bá sì bọ́ sí i, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún wa, ìyá mi á sì fi ọ̀kan nínú rẹ̀ kí mi.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le."

"Iná tí ẹ ń tàn sí àwọn ènìyàn lára yẹn, wọ́n ní ó máa ń jó ènìyàn láti inú, láìjẹ́ pé ó rí i."

"A máa ń dúró sẹ́yìn ògiri. Kò lè débi tí mo wà."

"Ṣé òótọ́ lo ń sọ?"

"Òótọ́ ni."

Irọ́ pọ̀ nínú ohun tí mò ń sọ fún un. Mo sọ fún un pé mo ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Mo sọ fún un nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n wá sí fóònù. Òun náà ń parọ́ fún mi. Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n sin àǹtí mi tó gbà mí tọ́ ni mo tó mọ̀ pé ó ti kú. Ìdálẹ̀ ń sọ gbogbo wa di onírọ́ sí ẹni tí a fẹ́ràn jù.

Àwọn obìnrin kì í wá ya àwòrán. Lóòótọ́, wọ́n ń wúkọ́ bí àwọn ọkùnrin, egungun wọn sì ń ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ tó fẹ́ kí ìyàwó òun bọ́ ẹ̀wù níwájú Málàm Garba, àwọn obìnrin náà kò sì fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àwọn ń wá obìnrin. Síbẹ̀ mo lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó wá.

Rábì ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá láti Mando lórí alùpùpù. Ó ti ń wúkọ́ láti ìgbà òjò, ọyẹ́ sì ti ń parí lọ. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọjú wo inú yàrá.

Ó ní, "Ta ló wà nínú ibẹ̀?"

Málàm Garba dìde lórí àga rẹ̀, ó gbé àga náà jáde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà ní ìta. Ó ní, "Mo ti jáde. Bayarabiya, obìnrin Yorùbá yìí, nìkan ló wà nínú, obìnrin bí ìyàwó rẹ sì ni." Wọ́n jọ wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oko.

Mo fi àyà Rábì ti pákó fíìmù, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sí ìbàdí, mo lọ sẹ́yìn ògiri. Mo ní, "Ka ja numfashi." Kò fa èémí. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín tó sì ń wúkọ́ pọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi, ó ń fi ìka tọ́ka sí ara rẹ̀, títí ó fi yé mi. "Ka" tí mo ń sọ, ọkùnrin ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Obìnrin ni "ki". Èdè tèmi kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin bí a bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹnu àwọn ọkùnrin Kakuri ni mo sì ti kọ́ Haúsá tèmi. Mo tún un sọ. Ó fa èémí náà, ó dì í mú.

Ihò kan wà lókè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún rẹ̀. Dókítà àgbà wa, ará Íńdíà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo fíìmù náà, ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un lọ́jọ́ náà. Nígbà tó padà wá kí a tún un yà, ó ti sanra díẹ̀, ó sì mú orogún rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ dání. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Barakallahu, àwọn kan láti àwọn abúlé tí n kò mọ̀. Wọ́n á ní àwọn ń wá "Malama mai hoto", ìyẹn ìyá onífọ́tò. Nígbà tó di pé wọ́n ń jókòó sílẹ̀ nínú oòrùn nítorí pé àga kò tó, mo bẹ dókítà pé kí ó ya ọjọ́ Wẹ́sìdeè sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan. Ó gbà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bèèrè tí wọ́n fún mi ní Kàdúná nìyẹn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ̀rọ tuntun méjì wà nínú àpótí onígi lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n fi tapólì bò wọ́n. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Wọ́n ń dúró de ilé tí wọn yóò gbé wọn sí, ilé náà sì ń dúró de kọ́ńtírákítọ̀. Ọdún kejì tí mo dé ni wọ́n parí yàrá méjì, tí ẹnjiníà wá to ẹ̀rọ sínú wọn. Yàrá kejì ni wọ́n ní yóò jẹ́ ti àwọn obìnrin. Wọ́n tẹ́ bẹ́ǹṣì gígùn sí ìta rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, kí wọ́n má baà jókòó sínú oòrùn mọ́. Inú mi dùn sí bẹ́ǹṣì yẹn ju ẹ̀rọ lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí kọmíṣánnà wá ṣí i. Olùkọ́ wa kan ní Ìbàdàn máa ń sọ pé kí a má gba ẹnu kọ́ńtírákítọ̀ gbọ́, kí a bi ògiri fúnra rẹ̀. Èmi àti Málàm Garba fi pépà dúdú wé fíìmù tuntun mélòó kan. A lẹ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, a so wọ́n mọ́ ìta ògiri àwọn yàrá náà yí ká, a lé gbogbo ènìyàn jìnnà, a sì tan ẹ̀rọ léraléra. Bí ògiri bá dára, fíìmù náà á mọ́ gaara nígbà tí a bá fọ̀ ọ́, nítorí kò sí ohun tó kàn án. Gbogbo wọn mọ́, àfi ẹyọ kan. Ìyẹn dúdú, kọ́kọ́rọ́ sì yọ funfun láàárín rẹ̀ pẹ̀lú eyín rẹ̀ gbogbo. Ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì ni a so ó mọ́.

Málàm Garba gbé fíìmù náà sókè sí iná, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ ni."

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ ni, Baba. Wọn kò fi òjé sínú ògiri ìhà yẹn."

"A jẹ́ pé kò sí ògiri níbẹ̀."

"Kò sí."

Ó fi fíìmù náà kọ́ kó gbẹ. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò nínú àpò, ó gbé e sábẹ́ iná níbi tí fíìmù wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Malama, ṣé omi ló ṣe èyí?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo sọ pé iná ẹ̀rọ ni, pé gbogbo ọmọ tó ti fi ọwọ́ lásán dì mú wà níbẹ̀. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti oṣù àkọ́kọ́. Kò bínú, tàbí kí n ní kò fi hàn. Ó ní, "O ti ń bọ̀wọ̀ fún mi jù," ó sì lọ kírun.

Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà láti ọ́fíìsì ìjọba wá sí yàrá dókítà lọ́jọ́ kejì. Alàájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Mo gbé fíìmù náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Kò wò ó.

Ó ní, "Wọ́n ti tẹ ìwé ìpè. Ẹ jẹ́ kí a ṣí i ná, a ó tún un ṣe bó bá yá."

Mo ní, "Ẹ ṣí yàrá àkọ́kọ́, sà. Èkejì kò tíì ṣe é lò."

"Àwọn obìnrin wa ti ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n tún dúró?"

"Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni wọn yóò máa jókòó sí. Aboyún wà nínú wọn. Orúkọ mi ni yóò wà lórí ìwé pé yàrá náà dára. N kò ní fọwọ́ sí i."

Ó wá wò mí. Ó ní, "Ní ilé yín, ṣé báyìí ni ẹ ṣe máa ń bá ìjọba sọ̀rọ̀?"

Lóòótọ́, ilé wa kọ́ ni mo wà, gbogbo wa nínú yàrá náà sì mọ̀ ọ́n. Málàm Garba, tí wọ́n kàn pè wá láti wá ṣí ilẹ̀kùn àwọn yàrá tuntun náà, rìn wá sídìí tábìlì. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí fíìmù náà, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó sì fi Haúsá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà náà mo ti gbọ́ èdè náà tó láti mọ ohun tó ń sọ.

"Alhaji, ọmọ yín náà wà lára àwọn tí mo fi ọwọ́ yìí dì mú, ìgbà tó gbé kọ́bọ̀ mì. N kò ní ìwé ẹ̀rí. Tí ẹ bá ní kí n máa lọ sílé, màá lọ. Àmọ́ ohun tí ọmọbìnrin yìí ń sọ, ọwọ́ mi ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Dókítà, tó ti ń rí i lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, dìde, ó di ọwọ́ náà mú, ó mú un lọ sójú fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Alàájì wo ẹ̀yìn àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ tún ògiri náà kọ́," ó sì jáde láìkí mi.

Yàrá àkọ́kọ́ nìkan ni kọmíṣánnà ṣí. Èmi gba ìwé kan, pé kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi dá iṣẹ́ ìjọba dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ìwé mìíràn dé láti Ìlọrin, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà wálé, àwọn náà ti ra ẹ̀rọ tuntun, ipò tí wọ́n fi lọ̀ mí sì ga ju èyí tí mo wà lọ. Mo tò wọ́n sórí ibùsùn, mo ń wo méjèèjì. Ọ̀kan ní kí n wá sọ ẹni tí mo jẹ́, èkejì ní àwọn mọ̀ mí. Ó yẹ kó rọrùn láti yàn.

Ìyá mi ti gbọ́ nípa Ìlọrin kí Sátidé tó pé. Wọ́n ti fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sílé.

"Màá lè máa wá kí ọ," ó ní. "Màá gbé iṣu wá fún ọ."

"Ìyá, ó jọ pé n kò ní lọ."

Ó wá ní, "Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wà ní Ìlọrin."

"Ọkùnrin kan wà níbí..."

"Ọkùnrin?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "O kò tètè sọ. Ọmọ ibo ni?"

"Àgbàlagbà ni, Ìyá. Ọ̀gá mi ni. Wọ́n fẹ́ gé ìka rẹ̀."

Ẹni tó ń so wáyà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé. Mo rìn dé Tudun Wada lábẹ́ àwọn igi dógóyárò, n kò wọ mọ́tò. Bí wọ́n bá bi mí léèrè lọ́jọ́ náà ìdí tí mo fi fẹ́ dúró, n kò ní rí i sọ. Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin á wá ní Wẹ́sìdeè. Mo mọ̀ pé tí mo bá lọ, wọ́n á ṣí yàrá náà bó ṣe wà. Ní Ìlọrin, wọ́n mọ ilé tí mo ti wá. Ní Kàdúná, wọ́n mọ ohun tí mo ṣe. N kò tíì rò ó rí pé ènìyàn lè di ará ibì kan lọ́nà yẹn.

Ìka méjì ni wọ́n gé fún Málàm Garba ní Zaria. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ súnmọ́ ẹ̀rọ mọ́. Mo rò pé wọ́n á lé e, torí pé kò ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n dókítà kọ̀wé pé kí ó máa kọ́ àwọn tí a bá gbà síṣẹ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi tún ògiri kọ́, n kò sì tíì fèsì sí ìwé Ìlọrin. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ tún so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, fíìmù náà sì mọ́. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, kò sí kọmíṣánnà, kò sí ìwé ìpè. Rábì ló kọ́kọ́ wọlé. Ìbọ̀wọ́ olójé tuntun méjì wà lórí ìkọ́, báàjì tí í wọn ìtànṣán sì wà láyà gbogbo wa, tí à ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù kí wọ́n lè kà á.

A gba ọmọbìnrin méjì síṣẹ́ láti kọ́. Hauwa, ọmọ Málàm Garba, wà nínú wọn. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú un wá.

Ó ní, "Kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí o mọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ibi tí yóò máa dúró sí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni ìyá mi dé. Kò kọ̀wé, kò fi fóònù sọ. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo bá a nínú agboolé wa ní Tudun Wada, ó jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin tó ń gbé kunu fún un, òun náà ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó ti dín kù ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, irun rẹ̀ sì ti funfun. Kò sọ èyí fún mi lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní ebi ń pa òun.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n mú òun lọ síbi iṣẹ́. Wẹ́sìdeè ni. Àwọn obìnrin kún bẹ́ǹṣì. Wọ́n bi Hauwa léèrè ẹni tí ìyá mi jẹ́, ó sọ fún wọn, wọ́n sì dìde fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i, òun ń dá wọn lóhùn ní "òkun o, òkun o." Málàm Garba jáde wá láti yàrá òkùnkùn. Ó tẹríba díẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí àyà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ó ní, "Sannu da zuwa, Mama," ìyẹn ni pé ẹ káàbọ̀, Ìyá. Mo rí ojú ìyá mi nígbà tó rí ọwọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun dàgbà jù ú lọ.

A padà délé. Ó ní kí n wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó gba ọwọ́ mi ọ̀tún, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó yí i padà. Ó wo ìka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ èékánná kọ̀ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa awọ rẹ̀ bí ẹni ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Nígbà tó parí rẹ̀, ó gba ọwọ́ òsì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin agboolé ń wò wá.

Ó ní, "O parọ́ fún mi nípa àwọn ọ̀rẹ́, o parọ́ fún mi nípa ibà. Mo mọ̀ wọ́n nígbà tí o ń pa wọ́n. Ti ògiri yìí nìkan ni n kò mọ̀."

Mo ní, "Ti ògiri kì í ṣe irọ́, Ìyá."

"Mo ti rí i."

Ó gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé itan mi, ó dìde, ó lọ sídìí àdògán àwọn obìnrin láti wo bí wọ́n ṣe ń se tuwo. Láti ibẹ̀, láìwẹ̀yìn wò, ó ní kí n bá òun wá ìwé, kí n kọ ọ́ sí bàbá mi pé òun yóò lo oṣù kan, àti pé kí ó dá Ìlọrin lóhùn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn.